Ìhanrun Abẹ́ Ọkọ̀ Gàníyù

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó yà sí etíkun Elékò, kó béèrè. Àwọn tó fi etí ara wọn gbọ́ ọ ṣì wà láyé.

Òru ni Gàníyù fi ń pẹja, ọ̀sán ló fi ń sùn. Oorun náà kì í sì í ṣe oorun ire. Yóò hanrun títí páànù òrùlé yóò fi máa gbọ̀n. Lójijì, kẹ́. Èémí á dúró. Sìmbíátù, ìyàwó rẹ̀, á fi ẹja tó ń yan sílẹ̀, á sáré wọlé.

"Bàbá Mùínàt!"

Ọkùnrin náà á mí kanlẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Sìmbíátù pé lọ́jọ́ kan òun á pè é, kò ní dáhùn. Obìnrin náà kò mọ adùn oorun mọ́.

Lọ́dún 1984, wọ́n lọ rí dókítà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Dókítà ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń dí bó bá ti sùn. Ó fún un ní oògùn oníhóró kan.

"Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń bá mu o. Á sì máa gbẹ yín lẹ́nu."

Ó bá Gàníyù mu. Ẹnu gbẹ lóòótọ́, ó kù díẹ̀ kó gbé kànga mì. Ṣùgbọ́n ó ń sùn bí ọmọ tuntun. Ìdùnnú ṣubú layọ̀ fún Sìmbíátù, ó ń kọrin nídìí ẹja.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ òkun dáwọ́ dúró. Etíkun pa lọ́lọ́. Sìdíkàt, aládùúgbò wọn, sáré dé.

"Ìyá Mùínàt, ọkọ̀ yín ń hanrun!"

"Ọkọ mi? Ó ti jẹ oògùn rẹ̀ o."

"Ọkọ kọ́. Ọkọ̀!"

Wọ́n lọ. Ọkọ̀ Gàníyù dojú dé lórí yanrìn. Lábẹ́ rẹ̀, ìhanrun ń dún. Sìmbíátù mọ̀ ọ́n, ti ọkọ rẹ̀ gan-an ni. Wọ́n gbé etí ọkọ̀ sókè, yanrìn lásán ni. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kẹ́.

Sìmbíátù fi etí ti ọkọ̀ náà. Bí eléyìí kò bá mí mọ́, ti ẹni tó wà nílé ńkọ́? Ó lanu láti pè é, ẹlòmíràn ti ṣáájú rẹ̀.

"Bàbá Mùínàt!"

Gàníyù fúnra rẹ̀ ló pariwo lẹ́yìn wọn, ife omi lọ́wọ́. Abẹ́ ọkọ̀ mí kanlẹ̀, ìhanrun ń lọ.

"Ẹ má pè é mọ́!" Sìmbíátù dì í mú.

"Ṣé kó kú ni? Èmi mà ni!"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Sìdíkàt rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àmọ́ Gàníyù kò gbé ọkọ̀ yẹn sómi mọ́. Sìmbíátù ló sì ń lọ pe ti abẹ́ ọkọ̀ tó bá ti dákẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ mìíràn, ó tún dákẹ́. Sìmbíátù sáré. Kò tíì débẹ̀ tó ti gbọ́ ohùn obìnrin lábẹ́ ọkọ̀.

"Bàbá Mùínàt!"

Ohùn tirẹ̀ gan-an ni. Ìhanrun sì bẹ̀rẹ̀.

Sìmbíátù rí i pé òun kò ní láti pè é mọ́. Ó yí padà, ó wọlé, ó na ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Oorun gbé e lọ.