Ẹ̀dọ̀ Ojúolápé

Ẹ̀rọ aṣẹ̀dá-ẹ̀jẹ̀ ìlú Ìdó-Pupa jóná lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe.

Ìdó-Pupa kì í ṣe ìlú orí ilẹ̀ ayé. Orí Máàsì ló wà, lábẹ́ òrùlé dígí, níbi tí irinwó ọmọ Yorùbá ń gbé. Ìtànṣán ojú ọ̀run ibẹ̀ a máa pa mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ yìí fi ń po oògùn ẹ̀jẹ̀ fún tọmọdé tàgbà láràárọ̀. Ọkọ̀ ojú-ọ̀run tó lè gbé òmíràn wá sì ku oṣù mẹ́jọ kó tó gúnlẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, àtẹ́lẹwọ́ àwọn ènìyàn ti funfun. Òòyì ń kọ́ wọn. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn márùn-ún á jókòó mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà Ọlátúbọ̀sún, oníṣègùn àgbà ìlú, ní kí gbogbo ènìyàn dùbúlẹ̀, kí wọ́n máa retí ọkọ̀.

Ojúolápé kò dùbúlẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, òun ló ń tọ́jú ọgbà abẹ́ dígí. Lẹ́bàá ògiri ìkẹyìn ọgbà náà ni tàgìrì kan ti fà mọ́ okùn, tó so èso aláwọ̀ ewé tó ní àmì funfun lára bí ẹni pé wọ́n ta ẹfun sí i. Ìyá ìyá rẹ̀ a máa fún ẹni tí àìsàn bá ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ ní omi rẹ̀. Ojúolápé gé ọ̀kan, ó rẹ ẹ́ sómi, ó mu ààbọ̀ ife. Ó korò débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Òǹṣọ́-ara, ẹ̀rọ bíńtín tó wà lábẹ́ awọ ọwọ́ gbogbo ará ìlú, ló ta Dókítà lólobó. Dókítà àti Olóyè Akínlàbí, olórí ìgbìmọ̀ ìlú, dé bá a nínú ọgbà.

“Màmá, kí lẹ mu?” Dókítà bèèrè.

“Tàgìrì.”

“Mo ti dán an wò lára eku. Ó ń fi kún ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti pọ̀ jù, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń sẹ́ májèlé kúrò lára wa.”

“Báwo ló ṣe ń pọ̀ jù, Túbọ̀sún? Ife kan ni àbí márùn-ún?”

“N ò tíì mọ ti ènìyàn.”

“O ò mọ̀, o wá ní ká sùn sílẹ̀ ká máa dúró de ikú!”

Olóyè Akínlàbí já lu ọ̀rọ̀ náà. “Láàárọ̀ ọ̀la, a óò fa nǹkan yìí tu.”

“Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò.”

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ojúolápé ti ti ilẹ̀kùn irin ọgbà láti inú. Àràárọ̀ ló ń mu ààbọ̀ ife, á sì fi gbohùngbohùn ka ohun tí òǹṣọ́-ara rẹ̀ bá sọ sí gbogbo ìlú létí. Ní ọjọ́ kejìlá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lé sókè, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Àwọn ènìyàn wọ́ wá sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn náà.

“Ẹ fẹ́ kí n fún yín ní ohun tí n kò mọ ìwọ̀n rẹ̀? Ẹ padà sílé!”

Ní ọjọ́ kẹtàlá, ó mu odindi ife kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó sọ ọ́ di méjì. Dókítà gbé àga wá síwájú ilẹ̀kùn, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

“Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín ti pé.”

“Àwọn ọmọdé tó máa mu ún ńkọ́? Ta ló máa sọ ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ dúró fún wọn?”

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, òǹṣọ́-ara rẹ̀ figbe ta. Ẹ̀dọ̀ ni. Ojúolápé kà á síta bó ṣe ń ka ti àtẹ̀yìnwá, kò rẹ ohùn sílẹ̀. “Ife méjì lóòjọ́ ti kọjá ààlà. Kọ ọ́ sílẹ̀.” Ó wá ṣílẹ̀kùn. Ẹyinjú rẹ̀ ti rí bí awọ ọsàn tó pọ́n.

Dókítà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. “Èmi ló yẹ kí n mu ún.”

“Ta ni ìbá wá máa kọ̀wé?” Ó rẹ́rìn-ín.

Olóyè Akínlàbí sún mọ́ wọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká ní òǹṣọ́-ara yín ló ṣìṣe, pé kò sí ohun tó ṣe ẹ̀dọ̀ yín. Bí wọ́n bá gbà pé òótọ́ ni, ẹ̀rù ò ní jẹ́ kí wọ́n mu ún.”

“Ẹ̀rù kì í pani tó irọ́, Akínlàbí. Túbọ̀sún, lọ ka ìwé rẹ fún wọn. Ti ẹ̀jẹ̀ àti ti ẹ̀dọ̀, méjèèjì!”

Dókítà kà á. Ààbọ̀ ife lóòjọ́ fún ọjọ́ méje, ìsinmi fún ọjọ́ méje, kí ẹnikẹ́ni má fi kún un. Ẹ̀rù bà wọ́n lóòótọ́, síbẹ̀ wọ́n mu ún. Àtẹ́lẹwọ́ wọn tún pọ́n. Ẹnì kan kò kú nínú wọn.

Ojúolápé nìkan ló kú, ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn tí ẹ̀rọ jóná.

Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ gbọ́ ìròyìn èso tó gba ìlú là. Ó kó ogún àpò wá sẹ́nu ọgbà, ó ní gbogbo ayé ló máa fẹ́ ẹ. Dókítà Ọlátúbọ̀sún dí ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ìwé ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Èso kan ò ní jáde níbí láìjẹ́ pé ìwé yìí bá a lọ.”

“Ìwé kí ni?”

“Ẹ̀dọ̀ ìyá kan ni. Ẹ jókòó, ẹ kà á tán.”

Ọ̀gá ọkọ̀ na ọwọ́ gba ìwé náà. Ó kó àwọn àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jókòó.