Ihò Mẹ́rin Tí A Kò Gbẹ́

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ tètè dé lọ́dún yìí."

Bí obìnrin náà ṣe kí ayẹlẹ̀wò nìyẹn nígbà tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì gba àpò ọwọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń gba ẹrù ẹbí tó ti mọ ọ̀nà yàrá. Kò sí ohun tó burú nínú ìkíni. Àmọ́ ó ti di ọdún mẹ́rìnlá tí ọkùnrin yìí ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà gbẹ̀yìn, àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni, kí wọ́n tó kọ́ ilé kankan síbẹ̀ rárá. Kò rí obìnrin yìí rí láyé rẹ̀. Ó ní bóyá ó ṣi òun mú fún ẹlòmíì ni, ló bá wọlé.

Iṣẹ́ ayẹlẹ̀wò rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sí ìgbèríko, ìjọba ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ibi tí ilẹ̀ gbígbẹ parí sí, tí àkúrọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ojú lásán ò sì lè mọ̀ ọ́n, torí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ ó wo koríko, ẹ ó ní ilẹ̀ ire rèé, omi ti lúgọ sábẹ́ rẹ̀ tó ń wò yín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò. Ayẹlẹ̀wò á fi irin ìgbẹ́lẹ̀ rẹ̀ lu ihò tó jìn tó itan àgbàlagbà, á to erùpẹ̀ tó jáde sórí pákó bó ṣe tẹ̀ lé ara wọn, á wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá pupa kò ní wàhálà. Èyí tó bá ní àwọ̀ eérú, tí ohun tó dà bí irin tó dógùn-ún wà káàkiri inú rẹ̀, omi ti ń sùn síbẹ̀ tipẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan ìjókòó. Á jókòó ti ihò, á máa wò ó bóyá omi á sun jáde, ìgbà míì á tó wákàtí méjì. Ìjókòó yẹn ló le jù nínú iṣẹ́ náà.

Ní ọ́fíìsì, Ilẹ̀-Kì-í-Purọ́ ni wọ́n ń pè é, torí pé ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn: "Èèyàn lè purọ́, ìwé lè purọ́, ilẹ̀ kì í purọ́." Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní àgbà ọ̀jẹ̀ ni bàbá. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ náà, ilẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń wá sọ́kàn rẹ̀.

Ihò mẹ́jọ ló yẹ kó gbẹ́ sórí ilẹ̀ yìí lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ó gbẹ́ mẹ́rin lápá òkè. Òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀, orúnkún ń dùn ún, koríko ìsàlẹ̀ sì ga dé àyà. Ló bá wọ inú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó gbé fọ́ọ̀mù lé itan, ó da ohun tó kọ nípa ihò kẹrin kọ sí ìlà ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ. Pupa. Gbẹ. Kò sí omi. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó fọwọ́ sí i, ó wa ọkọ̀ lọ sílé. Àwọn àgbà ní kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Òun náà sì pa á mọ́ lóòótọ́, kò sọ ọ́ fún ìyàwó tí wọ́n jọ ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà pàápàá.

Nígbà tí ìwé tuntun wá dé pé káfíńtà tó kọ́lé sórí ilẹ̀ náà fẹ́ fi yàrá méjì kún un lápá ẹ̀yìn, kí ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó lè wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn, ẹlòmíì ni ọ̀gá fẹ́ rán. Ilẹ̀-Kì-í-Purọ́ ló lọ bẹ ọ̀gá. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ, òun mọ ibẹ̀ bí ẹní mowó. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìdí. Kò fẹ́ kí irin ẹnikẹ́ni kan ìsàlẹ̀ ilẹ̀ yẹn.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ nínú pálọ̀, òórùn aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí nígbà tí kò tíì gbẹ. Ògiri ti bu láti ìsàlẹ̀ dé ìbàdí. Káfíńtà ni baálé ilé o, síbẹ̀ kò sí ilẹ̀kùn kan níbẹ̀ tó tì dáadáa; ìtútù ti mú wọn wú, ó sì ti fá ẹsẹ̀ gbogbo wọn títí tí ojú fi ń ríran kọjá lábẹ́ wọn. Nínú yàrá kan, ẹnì kan ń húkọ́. Kì í ṣe ikọ́ àgbà.

"Ọmọ wa ni," ni obìnrin náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ọmọ má bàa gbọ́. "Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Àtikékeré ni ikọ́ náà ti wà lára rẹ̀. Dókítà ní ìtútù ni."

Ilẹ̀-Kì-í-Purọ́ ò mọ ibi tó máa gbójú sí.

"Inú mi dùn pé ẹ wọlé lónìí," ni obìnrin náà wí. "Tí ẹ bá wá lọ́dọọdún, ẹ kì í wọlé, ẹ kì í sì í dáhùn tí a bá kí yín. Ọkọ mi ní kí n má dí yín lọ́wọ́."

"Lọ́dọọdún kẹ̀? Èmi?"

"Ẹ̀yin mà ni, bàbá. Àbí ta ló ń jókòó sí ìsàlẹ̀ yẹn? Ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ewé tó wà lọ́rùn yín yìí náà ni."

Ọkùnrin náà wo ẹ̀wù òjò rẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó rà á.

Ó fẹ́ sọ pé ìyáàfin, ẹ ti ṣì mí mú, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ṣáájú, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni ilẹ̀ ń rọ̀ sí i lábẹ́ bàtà wọn, bẹ́ẹ̀ òjò ò tíì rọ̀ láti oṣù méjì, ṣe ló kàn ń ṣú lásán. Nígbà tí wọ́n dé ìdí koríko, obìnrin náà dúró, ó na ọwọ́.

Ihò mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ó ka ìgbésẹ̀ láti ọ̀kan sí èkejì: ogún, ogún, ogún. Bí àwòrán orí fọ́ọ̀mù ṣe là á sílẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, ihò karùn-ún títí dé ìkẹjọ, àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ ò gbẹ́ rí. Omi kún wọn dé ibi tó ku ìka mẹ́rin kó dé ẹnu. Erùpẹ̀ wà lórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n tò ó létòlétò, àwọ̀ eérú ni gbogbo rẹ̀.

"Ti ọdún tó kọjá nìwọ̀nyí," ni obìnrin náà sọ. "Koríko kì í hù sí i. Erùpẹ̀ yẹn náà kì í gbẹ."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àmì àtàǹpàkò wà lára erùpẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àpá kan sì gba àárín àmì náà kọjá. Nígbà tó wà ní kékeré, àdá gé e ní àtàǹpàkò ọ̀tún. Ó gbé ìka náà sórí erùpẹ̀, ó bá a mu rẹ́gí. Ó fa ìka yọ kíá.

Obìnrin náà kò kíyè sí i. Ìsàlẹ̀ ohùn ló fi ń sọ tirẹ̀ lọ, bí ẹni tó ti pẹ́ tó ti fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan.

"Ẹ ò mọ oore tí ẹ ṣe fún wa. Nígbà tí ògiri kọ́kọ́ sán, àwọn aládùúgbò ní ká tètè kó jáde, pé àkúrọ̀ ni. Ọkọ mi ti di ẹrù. Èmi ni mo ní rárá, bàbá tó yẹ ilẹ̀ wò ń wá lọ́dọọdún, ó ń gbẹ́ ihò, ó ń jókòó tì í láti àárọ̀ di ọ̀sán. Tó bá rí nǹkan kan, ṣé kò ní sọ fún wa ni? Bí ẹ ò ṣe sọ nǹkan kan, ọkàn wa balẹ̀. A tú ẹrù."

Háà! Ìtìjú ò ju báyìí lọ. Ká ní ṣe ni obìnrin yẹn gbá a létí, ì bá sàn fún un. Ojú tì í dé egungun. Ó wo ìdí ilé níbi tí wọ́n ti fa okùn ìpìlẹ̀ yàrá ìyá arúgbó sílẹ̀, ó gbọ́ tí ọmọ tún ń húkọ́, ó wo ojú obìnrin tó gbà á gbọ́ ju ògiri ilé ara rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ká ní ó sọ ọ́ nígbà yẹn ni! Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Àmọ́ ṣe ló fi ẹ̀wù nu ojú.

"Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀ ná, kí n kó ara mi jọ."

"Kò burú, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fún ọmọ lóògùn. Mò ń bọ̀."

Ó jókòó ti ihò kẹjọ. Ó ń wo omi, omi náà ń wò ó. Ó ń ronú bí ọ̀rọ̀ á ṣe bẹ̀rẹ̀: ìyá, ẹ foríjì mí, ìyá, ọ̀lẹ ni mo ya. Ó ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n ò ní pè é mọ́, ẹ̀rín tí wọ́n máa fi í rín. Ó ronú títí tí gbogbo ìyẹn fi kéré lójú rẹ̀ sí ikọ́ ọmọ yẹn. Ó ní ó parí, mo máa sọ ọ́, kí wọ́n kó jáde lónìí. Ó gbójú sókè.

Ògiri ilé ò sán mọ́. Sìmẹ́ǹtì tuntun ni, wọn ò tíì kùn ún. Káfíńtà, tí irun rẹ̀ dúdú kirikiri, ń gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kọ́. Ó tì í, ó ṣí i, ilẹ̀kùn náà ò há rárá. Obìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó kéré lọ́jọ́ orí ju ìgbà tó lọ fún ọmọ lóògùn lọ, oyún rẹ̀ ti yọ síwájú dáadáa. Ó ń wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni ó bi ọkọ rẹ̀.

Káfíńtà fọwọ́ ṣíji bojú. "Áà, bàbá tó yẹ ilẹ̀ wò fún wa ni! Ó tún padà wá. Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá!"

Ọkùnrin náà lanu. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ pariwo pé ẹ má gbé ibẹ̀, àkúrọ̀ ni, irọ́ ni mo pa. Kò sí ohùn kankan tó jáde. Ó fẹ́ dìde, ara rẹ̀ ò dá a lóhùn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ erùpẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì lè dá a dúró.

"Kò mà dáhùn," ni obìnrin náà wí.

"Má dí i lọ́wọ́, iṣẹ́ ló ń ṣe. Tí nǹkan kan bá wà níbẹ̀, á sọ fún wa."

Obìnrin náà wò ó díẹ̀ sí i. Ó wá gbọ́wọ́ lé ikùn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì wọlé lọ.