Ògiri Tó Lọ́ Wọ́ọ́rọ́

Ògiri tí omi ilẹ̀ bá ń gùn máa ń tutù ni. Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣe bíríkìlà káàkiri Ìkòtún àti Ìgándò, mi ò sì rí èyí tó yàtọ̀ rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo gbé ọwọ́ lé ògiri yàrá Ìyá Súmbọ̀, ńṣe ló lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo yára mú ọwọ́ kúrò.

"Jàfárù, kí ló dé?" Ìyá bi mí.

"Kò sí nǹkan, mà." Irọ́ ni mo pa ṣá.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Ìyá, ará Èkìtì, èèyàn jẹ́jẹ́. Súmbọ̀, ọmọ wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń wojú Olúwa. Oyún oṣù méje ló fi bí i, ó ṣì wà lọ́sibítù. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa fi í sílẹ̀, ilé Ìyá ni Súmbọ̀ sì ń gbé e bọ̀ kí wọ́n lè máa wẹ̀ ẹ́. Yàrá yìí nìkan ló wà, torí ayálégbé ló kún ìyókù, dókítà sì ti kìlọ̀ pé àyà ọmọ náà ò gba ọ̀rinrin rárá. Bí ògiri ò bá gbẹ, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ Súmbọ̀ ní Òkè-Odò ni wọ́n máa gbà lọ.

"Jọ̀ọ́, bá mi wá nǹkan ṣe sí i," Ìyá ní. "Mo ti ra kànìnkànìn, mo ti ra àdí. Ara mi ti wà lọ́nà." Àánú wọn ṣe mí gan-an.

Mo ṣá pùlásítà kúrò, mo po sìmẹ́ǹtì mọ́ kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí omi kọjá, mo rẹ́ ògiri náà padà. Mo wá ń fọ́nnu: "Mà, bí omi bá tún gba ibí yìí, ẹ má pè mí ní bíríkìlà mọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti tún rin. Kò sì rin káàkiri o, ẹ̀gbẹ́ ibi tí Ìyá ń gbé orí sí nìkan ni. Mo ní kí wọ́n sún bẹ́ẹ̀dì sí ògiri kejì. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kẹta, ògiri àkọ́kọ́ ti gbẹ táútáú, èyí tí wọ́n sùn tì ló wá rin. Gbogbo irun ara mi dìde.

"Mà, ìgbà wo gan-an ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ tí Súmbọ̀ bímọ," ni Ìyá wí, wọ́n sì lọ bomi wá fún mi.

Mo pinnu pé màá fọ́ ilẹ̀ yàrá náà kí n lè mọ ibi tí omi ti ń wá. Bí mo ṣe gbé díígà sókè ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, Bàbá Súmbọ̀, tí ọ̀rọ̀ kì í sábà jáde lẹ́nu wọn, sáré wọlé, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Má gbẹ́ ibẹ̀, jọ̀ọ́. Ọmọ wà níbẹ̀."

Wọ́n rọra sọ ọ́ fún mi létí. Súmbọ̀ kọ́ ni àkọ́bí. Adébùnmí ni àkọ́bí, ọmọ oṣù mẹ́ta ni nígbà tó kú. A kì í jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn náà la ṣe ń ṣe é nílé wa. Ilé àwọn onílé ni wọ́n ń gbé nígbà náà, onílé ò sì gbà kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Ọkàn Bàbá ò gbà láti gbé ọmọ lọ sínú igbó. Ìpìlẹ̀ ilé tiwọn yìí ni wọ́n gbé e wá. Nígbà tí ilé parí, tí Ìyá ní yàrá yìí ló wu àwọn, kí ni Bàbá fẹ́ sọ? Wọ́n dákẹ́ fún ogójì ọdún.

"Kí lẹ fi wé e?"

Ìyá ni. Wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti gbọ́ ọ, ife omi lọ́wọ́ wọn.

Bàbá ò lè gbójú sókè. "Ìró àdìrẹ rẹ ni."

"Mo wá ìró yẹn títí. Mo rò pé wọ́n jí i lórí okùn ni."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ náà, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn. "Adébùnmí, mi ò mọ̀ o. Ọmọ mi, mi ò mọ̀ ni. Ọmọ àbúrò rẹ ló ń bọ̀, jẹ́ kó rí ibi sùn. Màmá rẹ ti dé."

Ojú mi ló ṣe. Ọ̀rinrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, díẹ̀díẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ tí Ìyá jókòó sí, mi ò sì rí i mọ́. Ògiri gbẹ háú. Bàbá ń sunkún. Èmi náà ń sunkún, mi ò ní purọ́. Mo na ọwọ́ sí Ìyá kí n fà wọ́n dìde, wọn ò gbà á.

Ìgbà yẹn ni mo rí iwájú bùbá wọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ti ògiri, ṣùgbọ́n iwájú ló rin, lọ́mú ọ̀tún àti lọ́mú òsì, ó sì ń tàn sí i. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni Ìyá.

Wọ́n wò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì bùbá.

"Jàfárù," wọ́n ní, ohùn wọn rọ̀, "jọ̀ọ́, bá mi pa ìlẹ̀kùn dé. Ebi ń pa á."