Ta Wafo, Ìwe Adìyẹ àti Àrùn Gáòtù

Bí wọ́n bá pa adìyẹ ní agboolé Wafo, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó ni ìwe rẹ̀. Makam, ìyàwó rẹ̀, á gbé ìwe náà sínú àwo kékeré lọ́tọ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ní Bafang, ìlú wa ní Cameroon. Olórí ilé ló ni ìwe adìyẹ. Obìnrin kì í jẹ ẹ́. Ìyàwó tí kò bá rí i gbé kalẹ̀, kó yáa múra àtisọ ọkùnrin tó gbé e fún.

Wafo kì í sì í ṣe olórí ilé lẹ́nu lásán. Òun ni bàbá rẹ̀ fi ṣe àrólé kó tó kú. Ilé àna tó bá lọ, ìwe ni wọ́n ń gbé fún un. Ní ìpàdé àjọ ọjọ́ Sunday, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ewúrẹ́ ni tirẹ̀, pẹ̀lú bíà tó tutù. Bí bíà bá tán, ẹmu ọ̀gọ̀rọ̀ wà. Ta Wafo ni gbogbo wa ń pè é, nítorí “Ta” là ń pe bàbá. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì máa ń dá roko kọfí rẹ̀ láìwojú ẹnikẹ́ni.

Àfi bó ṣe jí ní òwúrọ̀ Monday kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣeé tẹ̀ mọ́. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wú, ó pọ́n, ó ń gbóná. Aṣọ ìbora tó kàn án lásán, ńṣe ló ń kérora. Àwọn kan ní ó ti tẹ ohun tí wọ́n gbé sọ́nà dè é. Àwọn àgbà ní rárá, gáòtù ni, àrùn àwọn olówó. Sonkoué àbúrò rẹ̀ wá kí i, ó wo ẹsẹ̀ náà títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti lówó tán, ẹ ò sì sọ fún mi.”

Wafo rẹ́rìn-ín. Àrùn tí wọ́n bá pè ní ti olówó, ojú kì í tini láti ní in. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó lọ sí ọsibítù.

Makam se èèpo igi, ó ní kó ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ó tún fi àdín gbígbóná wọ́ ọ. Ooru yẹn ló tún dá kún ìrora. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ fúyẹ́ fúnra rẹ̀, gbogbo ilé sì ń yin èèpo igi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: gáòtù máa ń dé, ó sì máa ń lọ, bí a lo nǹkan, bí a ò lo nǹkan. Lílọ rẹ̀ kì í ṣe ìwòsàn. Kò pẹ́ tó tún fi dé, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì, lẹ́yìn náà ó gun orúnkún.

Obìnrin kan tí ọkọ tirẹ̀ ní irú àrùn yìí sọ fún Makam lọ́jà pé nǹkan inú ẹran, bí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, ló ń fà á, ìwe adìyẹ náà sì wà níbẹ̀. Makam gbọ́. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, ó se adìyẹ, ó gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, àwo kékeré ò sí níbẹ̀.

Wafo wo orí tábìlì. Ó wo ìyàwó rẹ̀. “Makam, ta lo gbé e fún?”

“Ajá ni mo gbé e fún. Ẹsẹ̀ yín ni mò ń rò.”

“Ọkùnrin tó bá ti kú ni wọ́n ń fi ìwe rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣé mo ti kú ni?”

Ọ̀rọ̀ náà di ti ẹbí. Àwọn kan ò gba ti ajá gbọ́, wọ́n ní ajá ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, kí Makam máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Sonkoué ló bá wọn dá sí i. Makam ní láti pa adìyẹ mìíràn, ó kúnlẹ̀, ó gbé ìwe rẹ̀ fún ọkọ níṣojú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ yẹn, kò dá ọ̀rọ̀ oúnjẹ sílẹ̀ mọ́. Ó rí ohun tó ń pa ọkọ rẹ̀, òun náà ló sì ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn nígbà tí Wafo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú ńlá Douala láti lọ wo ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bọ́ọ̀sì ò tíì jáde nílùú tí ọkùnrin kan fi dìde láàárín èrò. Ó gbàdúrà, gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn, ó sì yọ ìgò ìyẹ̀fun kan. Ó ní ewé àti èso ni wọ́n fi ṣe é, ó ní àfikún oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn, nítorí náà kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara. Èmi kì í ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá já gaara tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ orúnkún Wafo ló ń ro ó, kì í ṣe tèmi. Ó rà á.

Ó lò ó lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìrora ti lọ. Ó pe Makam lórí fóònù, ó ń sunkún ayọ̀.

Báyìí ni Wafo padà sídìí bíà, ẹ̀dọ̀ àti ìwe. Bí ìgò kan bá tán, á ra òmíràn. Oṣù ń gorí oṣù, ẹsẹ̀ ò dùn ún. Ojú rẹ̀ kún, ó rí róbótó, àwọn ará àdúgbò ní ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé inú ń ta á bí iná, pé ìtọ̀ rẹ̀ ti dínkù, àti pé kókósẹ̀ rẹ̀ ń wú ní ìrọ̀lẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbà pé òun ti bọ́.

Ọjọ́ tó ṣubú sínú oko kọfí, Makam ló bá a níbẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ ti dúdú bí ọ̀dà. Makam dá ọ̀kadà kan dúró, ó gbé ọkọ rẹ̀ sáàárín òun àti ẹni tó ń wà á, ó fi ìró ara rẹ̀ dì í mọ́ra kó má baà ṣubú, wọ́n forí lé ọsibítù.

Dókítà Yemele ló gbà wọ́n, obìnrin ará ìhà tiwa náà ni. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, dókítà béèrè ohun tó ń lò. Wafo ní kò lo nǹkan kan, Ọlọ́run ló ń ṣe é. Makam tú àpò ọkọ rẹ̀, ó gbé ìgò náà sórí tábìlì, ó sì sọ bí ìrora ṣe lọ láàárín òru kan.

Dókítà wò ó yíká. Kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é, kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀.

“Ta, ta ló sọ fún yín pé ewé ni?”

“Ẹni tó tà á ni.”

“Ewé tí ẹ lò lálẹ́, tí ìrora gáòtù lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, tó tún mú ojú yín wú, tó sì dá ọgbẹ́ sí yín ní ikùn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ ohun tí ara yín ń sọ fún mi ni pé wọ́n ti lọ oògùn líle mọ́ ọn. Ó ń pa ìrora, kò pa àrùn. Abẹ́lẹ̀ ni àrùn yín ń ṣiṣẹ́.”

Wafo béèrè bóyá òun máa kú.

“Ẹ ò ní kú lónìí. Ó ti rẹ kíndìnrín yín ni, kò tíì kú. Bí ẹ bá padà sídìí ìgò yẹn, ẹ̀rọ ni yóò máa bá yín fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ náà ò sì sí ní Bafang níbí.”

Ó wá ṣàlàyé fún wọn, kò lo ọ̀rọ̀ ńláńlá, ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn tí wọ́n ń pè ní yúríkì ásíìdì. Kíndìnrín ló ń bá wa tọ̀ ọ́ dànù. Bí ó bá pọ̀ jù, á di hóró wẹ́wẹ́ tó mú bí àfọ́kù ìgò, á sì jókòó sí oríkèé ara. Ìyẹn ni gáòtù. Àwọn ẹlòmíràn jogún rẹ̀ nínú ìdílé wọn ni, ohun yòówù kí wọ́n máa jẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó rárá. Ṣùgbọ́n nǹkan inú ẹran, bíà, ẹmu àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò máa ń fi kún un.

Makam béèrè nípa èèpo igi rẹ̀. Dókítà ní ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ohun tó ń ṣe fún kíndìnrín tó ti ń ṣàárẹ̀, kó gbé e sílẹ̀. Ó ní bí ìrora bá tún dìde, kí Wafo sinmi, kó gbé ẹsẹ̀ ga, kó fi aṣọ wé omi dídì lé e. Kó má fi ooru sí i, kó má wọ́ ọ. Ọmọ wọn ní Douala ti fẹ́ fi fítámì Sí àti oògùn tí wọ́n fi ṣẹ́rì, èso pupa kékeré ilẹ̀ òyìnbó, ṣe ránṣẹ́. Dókítà ní wọ́n lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ wọn ò lè rọ́pò oògùn, àti pé ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn gbọ́dọ̀ béèrè kó tó fi èyíkéyìí sẹ́nu. Oògùn ojoojúmọ́ tó ń dín yúríkì ásíìdì kù ni Wafo máa bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìrora lè tún dìde ní ìbẹ̀rẹ̀, kó má torí ẹ̀ jáwọ́, kó wá sọ.

Wafo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun lè fi bíà sílẹ̀, òun lè fi ẹ̀dọ̀ sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n ìwe ńkọ́, dókítà? Bí n kò bá gbà á, wọn á ní mi ò sí nílé mi mọ́.”

Dókítà Yemele rẹ́rìn-ín. Ìwe ni bàbá tirẹ̀ náà ń jẹ. “Ta, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín?”

“Èmi ni mo ni ín.”

“Ẹni tó ni nǹkan ló lè fi í tọrẹ. Ẹ gbà á. Ta ló ní dandan ni kí ẹ jẹ ẹ́?”

Nígbà tí wọ́n máa fi gba Wafo láyè láti lọ sílé, Makam rí i pé ó ti rò ó.

Nígbà tí àwọn àna wọn tuntun, ẹbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn obìnrin, wá, adìyẹ ni wọ́n sè. Makam gbé àwo kékeré wá. Wafo dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwe rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àna. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó na àwo náà sí i.

Sonkoué sáré sọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, obìnrin kì í jẹ ìwe.”

“Obìnrin kì í fi ìró di ọkọ mọ́ra lórí ọ̀kadà náà. Tèmi ni, ẹni tó wù mí ni mo fún. Makam, jẹ ẹ́.”

Makam jẹ ẹ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ títí kó tó lè gbé e mì. Ó ní, “Ohun tó le bí awọ bàtà yìí ni wọ́n tìtorí ẹ̀ fẹ́ lé mi nílé?” Ìyá ọkọ ọmọ wọn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbọ́ tèmi. Bí oríkèé bá ṣàdédé wú, tó ń gbóná, ẹ lọ sí ọsibítù. Bí ibà bá wà níbẹ̀, kó jẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ mu omi dáadáa, àfi bí dókítà bá ní kí ẹ dín in kù. Ẹ dín nǹkan inú ẹran, ẹran pupa, sàdín-ìn, ọtí àti ohun dídùn kù. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti kókò yín. Ẹ̀wà kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ má ra oògùn tí kò lórúkọ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò ní rí mọ́. Bí ẹ bá sì ti ń lo irú rẹ̀ tipẹ́, ẹ má ṣàdédé dá a dúró, nítorí ara lè ti gbára lé e: ẹ gbé ìgò náà lọ bá dókítà. Oògùn ojoojúmọ́ tí wọ́n fún yín, ẹ máa lò ó lọ kódà bí ìrora bá ti lọ. Àmọ́ bí ara bá sú lójijì lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ dá a dúró, kí ẹ sáré padà lọ bá wọn lọ́jọ́ náà.

Wafo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ fún Dókítà Yemele láti dúpẹ́. Dókítà ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó dára ti tó òun lọ́pẹ́. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Wafo fi rìn lọ, ó sì fi í rìn bọ̀. A dúpẹ́.