Ohùn Yéjídé Nínú Àwo

"Ẹ gbọ́ ná! Ẹ gbọ́ ná! Ibí yìí gan-an ló yẹ kó ti gbè é!"

Alhaji Sùnmọ́nù Ṣóyẹmí na ìka sí àwo tó ń yí lórí giramafóònù, ojú rẹ̀ le koko. Gilbert, atúnrédíòṣe tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ọjà Òkè Ajé, dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀.

"Bàbá, mo ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Mo ti pààrọ̀ wáyà. Sípíkà tuntun rèé."

"Kí ló wá gbé ohùn ìyàwó mi mì?"

Gilbert tún tẹ wáyà wò. Ràmọ́tà, ọmọ ọmọ Alhaji, tó wà ní Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama, gbé ife omi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀. Òun ń gbọ́ ohùn náà ketekete: ohùn obìnrin tín-ínrín tó ń gbe orin sákárà, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń bá rìn. Ohùn Yéjídé ni, ìyá àgbà rẹ̀ tó ti jáde láyé kí wọ́n tó bí i. Nígbà èwe rẹ̀, Yéjídé bá ẹgbẹ́ onísákárà kan ṣe ègbè ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, àwo kan ṣoṣo yìí ni wọ́n sì ṣe kí ẹgbẹ́ náà tó tú ká. Alhaji kò ní ibòmíràn tó ti lè gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé. Ìgbà tí Alhaji ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ tẹlifóònù ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń lọ sílùú wọn. Láàárín giramafóònù àti áńpílífáyà ńlá tó ń gbé ohùn sókè, àpótí kékeré kan wà tí Gilbert ń pè ní pirí-áńpù. Iṣẹ́ àpótí yìí ni láti gba ohùn jẹ́jẹ́ tó ń ti ẹnu abẹ́rẹ́ bọ̀, kó tún un ṣe, kó fún un lókun díẹ̀, kó tó fà á lé áńpílífáyà lọ́wọ́. Lọ́dún 1984 tí à ń wí yìí, kásẹ́ẹ̀tì ti gbòde, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ẹ̀rọ yẹn ṣẹ̀fẹ̀ lójú Alhaji, ìjà ló ń wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ràmọ́tà ń ka ìwé físíìsì ní pálọ̀, Alhaji sì jókòó sórí àga rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Aago tó máa ń ta á lólobó fún ìrun Alásárì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbiriririri! Alhaji kò mira. Aago dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ sí i, ẹnìkan sọ ọmọ odó sódó lẹ́yìnkùlé, gbì! Alhaji yí orí kíá.

"Ta ló ń gúnyán lákòókò yìí?"

Ràmọ́tà pa ìwé dé. Ó ti yé e. Ohùn ńlá ṣì ń wọ etí Bàbá, ohùn tín-ínrín ni kò wọlé mọ́. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ.

Ó sáré lọ sọ fún bàbá rẹ̀, Àṣírù, tó jẹ́ tíṣà. Àṣírù fa etí rẹ̀.

"Ṣé orí ẹ pé? Ìwọ lo fẹ́ lọ sọ fún bàbá mi pé etí wọn ti di? Ṣé wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà ni?"

Àṣé òun náà ti mọ̀! Nígbà tí Ràmọ́tà lọ sọ ọ́ fún Gilbert ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó ti máa ń kọ́ bí a ti ń fi líìdì jó wáyà pọ̀ nígbà ọlidé, tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì tìtorí ẹ̀ ń pè é ní Ìyá Onílíìdì, Gilbert náà rẹ́rìn-ín.

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá ni mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni Alhaji máa lé jáde o. Gbọ́, sọ fún wọn pé a ti fi nǹkan tuntun sí i láti Èkó. Inú wọn á dùn, gbogbo wa á sinmi."

Bí gbogbo ilé ṣe di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ aláìlẹ́nu nìyẹn, wọ́n ní àwọn ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ràmọ́tà mọ̀ pé kò dára, ṣùgbọ́n ta ni kò fẹ́ àlàáfíà? Ó lọ pa irọ́ náà.

"Bàbá, wọ́n ti fi nǹkan tuntun sí i o. Èkó ló ti wá."

Alhaji gbé àwo sí i. Ó nà síwájú, ó dijú, ó ń retí. Nígbà tó yá, ó la ojú, ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó ti dára, ọmọ mi. Mo ti ń gbọ́ ọ."

Ràmọ́tà wo àwo tó ń yí. Ibi tí Bàbá ti rẹ́rìn-ín yẹn, àwọn ọkùnrin nìkan ló ń kọrin níbẹ̀, Yéjídé ti dákẹ́ tipẹ́. Bàbá kò fẹ́ kí wàhálà ọmọ já sí asán ni. Irọ́ pàdé irọ́ ní pálọ̀, wọ́n kí ara wọn.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji pe Àṣírù. "Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn fún Gilbert, kó máa yọ nǹkan inú rẹ̀ lò. Mi ò nílò rẹ̀ mọ́." Ó ti fi aṣọ wé àwo náà bí ẹni fẹ́ sin ín.

Ràmọ́tà kò lè gbà á mọ́ra. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, mo parọ́ fún yín. Kò sí nǹkan tó ti Èkó wá. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Etí yín ni kò gba ohùn tín-ínrín mọ́."

"Ràmọ́tà!" Àṣírù jágbe mọ́ ọn.

Alhaji gbé ọwọ́ sókè.

"Àṣírù, ṣé ìwọ mọ̀?"

"Bàbá, ẹ má bínú..."

"Mo bi ọ́ ni."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Alhaji mí kanlẹ̀. "Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Ẹ ń wò mí, mò ń bú ẹ̀rọ tí kò ṣẹ̀ mí!" Ó yíjú sí Ràmọ́tà. "Ìwọ tó rójú sọ ọ́, ṣé o mọ oògùn rẹ̀?"

"Mi ò lè tún etí ṣe, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo lè tún ẹ̀rọ ṣe kó bá etí yín mu."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Gilbert, wọ́n sì tú àpótí pirí-áńpù ní pálọ̀, níṣojú Alhaji. Bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn tín-ínrín sókè ti yí dé òpin tipẹ́. Ràmọ́tà ya bí ohùn ṣe ń rìn nínú àpótí náà sórí pépà. Ohùn tín-ínrín ní ọ̀nà tirẹ̀, kapásítọ̀ kékeré kan ló sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà. Ó fẹ́ kí wọ́n fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, kí ọ̀nà lè fẹ̀.

Gilbert họ orí. "Á máa ta létí o! Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí kò ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Bùrọ̀dá Gilbert, àwọn tó ṣe é kò mọ Bàbá."

Ràmọ́tà fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó líìdì, èéfín rẹ̀ ń ta á nímú. Wọ́n tan ẹ̀rọ, wọ́n gbé àwo sí i.

"Mò ń gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀," ni Alhaji wí, "ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ìlú Ibefun lọ́hùn-ún ló ti ń dún."

Wọ́n pa á, wọ́n fi kapásítọ̀ tó tún tóbi sí i síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún tàn án, Àṣírù di etí rẹ̀ méjèèjì. Ewúrẹ́ tó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sá jáde. Gilbert ń ṣẹ́jú pàkòpàkò. Ṣùgbọ́n Alhaji dìde dúró.

"Yéjídé!"

Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyàwó rẹ̀ gbe orin náà, gbólóhùn kan kò sì bọ́ sọnù. Ìgbà tí àwọn ọkùnrin gba orin, ó dákẹ́, ó ń dúró de obìnrin náà. Nígbà tí ohùn yẹn tún wọlé, ó pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé, ó yíjú sí Ràmọ́tà, ó ń kì í.

"Àmọ̀kẹ́ mi! Ọmọ Aláre! O ti dá ìyàwó mi padà fún mi!"

Kí àwọn ará ilé má baà di adití, Ràmọ́tà fi súìṣì kékeré kan sẹ́yìn àpótí náà: apá kan fún Bàbá, apá kejì fún àwọn yòókù. Àṣírù tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó tọrọ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ náà. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ Alhaji ní mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n ti ń bá rédíò wọn jà láti ọjọ́ yìí, bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sí ṣọ́ọ̀bù Gilbert. Ohun kan náà ni wọ́n ń wí: "Ọmọbìnrin yẹn dà? Kó ṣe tèmi bíi ti Sùnmọ́nù." Ní ilé ẹ̀kọ́, Ìyá Onílíìdì kúrò ní yẹ̀yẹ́, ó di oyè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ọ̀wọ̀ kọ́ ni kí á máa fi òtítọ́ pamọ́ fún àgbà. Gbogbo àwọn tó dákẹ́ nílé Alhaji ló fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohun tó kù fún un láyé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ràn àgbà, kúnlẹ̀ fún un, kí o sì sọ òtítọ́ fún un lórí ìkúnlẹ̀ náà.