Ẹni Tó Gba Ohùn Dámiláre

Dámiláre ti bẹ̀rẹ̀ orin náà kí n tó dé ìdí àga mi. Orin tó ti kọ sí mi láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà kì í ṣe ẹyọ kan, ṣùgbọ́n èyí ni kíláàsì wa fẹ́ràn jù:

"Sabina ọmọ ẹlẹ́ja,
Òórùn rẹ̀ ti wọlé,
Òun fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn!"

Wọ́n gbè é. Gbogbo JSS 3 ló gbè é, títí kan Fadékẹ́ tí a jọ ń jókòó. Ohùn Dámiláre dùn, n kò ní purọ́. Òun ló ń dá orin lórí ìlà láràárọ̀ nílé ẹ̀kọ́ wa ní Bàrígà, òun náà ló sì ń ṣáájú ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́ ní ìjọ wọn ní Ṣómólú. Ohùn tó fi ń yin Ọlọ́run ní Sọ́ńdè ló fi ń bú mi ní Mọ́ńdè.

Ní Ìlàjẹ tó wà létí ọ̀sà ní Bàrígà, ìyá mi ń yan ẹja, bàbá mi sì ń pẹja lórí ọ̀sà. Láti kékeré ni mo ti ń gbé nínú èéfín, kò sì sẹ́ni tó sọ pé mo ń rùn. Ọdún tí mo pé mẹ́rìnlá ni abíyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn tí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi fi ń rin. Ọmú mi yọ, irorẹ́ bo iwájú orí mi, inú sì ń bí mi láti àárọ̀ dalẹ́ láìnídìí.

Lọ́jọ́ yẹn, ìdí wà. Mo dìde, mo na ìka sí i.

"Dámiláre, ohùn tí o fi ń kọrin yẹn, wàá wá a tì!"

Fadékẹ́ sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nípa àwa ọmọ etí omi: bí a bá ti bínú, wọ́n á ní a ti sọ èpè sínú omi. Inú ló kàn bí mi. N kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣépè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Dámiláre dá orin lórí ìlà. Ó gbé e sókè bó ṣe máa ń ṣe, ohùn rẹ̀ sì já. Ó tún un gbé, ó wá dún bí àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn yíjú, wọ́n ń wò mí.

Ẹ̀rù bà mí o. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi ju bó ṣe bà mí lẹ́rù lọ.

Ní Sátidé, àǹtí Ìbíyẹmí wá kí wa. Àbúrò ìyá mi ni, nọ́ọ̀sì sì ni ní ilé ìwòsàn Igbóbì. Bí a ṣe ń to ẹja sórí wáyà, mo fi ọgbọ́n bi í.

"Àǹtí mi, kí ló máa ń mú kí ohùn ọmọkùnrin ṣàdédé já?"

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Mẹ́rìnlá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó ń bàlágà ni. Gògóńgò ẹ̀ ló ń tóbi. Tó bá yá, ohùn ẹ̀ á ki bíi ti bàbá ẹ̀. Ohun tó ń ṣe é ló ń ṣe ìwọ náà. Òógùn abíyá ẹ yẹn, ìbàlágà ni, kì í ṣe ẹja. Máa fọ ibẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, má sì wọ aṣọ kan lẹ́ẹ̀mejì láìfọ̀ ọ́. Ìbínú tó ò ń bí káàkiri náà wà lára ẹ̀. Gbogbo wa la ṣe é, ó máa kọjá."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má rò pé n kò mọ ohun tí mò ń ṣe láti ọjọ́ yẹn lọ. Mo mọ̀ ọ́n.

Ní Mọ́ńdè, Dámiláre dá mi dúró lẹ́yìn kíláàsì. Ó ti ń jẹ orógbó láti ọjọ́ mélòó kan kí ohùn rẹ̀ lè là, ọ̀fun rẹ̀ ò gbọ́. Ìkórè ìjọ wọn ku ọ̀sẹ̀ méjì, òun ni yóò dá orin.

"Sabina, jọ̀ọ́, dá ohùn mi padà." Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó parí lókè.

Mo rántí gbogbo ìgbà tí wọ́n gbe orin rẹ̀.

"Máa gbé báàgì mi," ni mo wí. "Tó bá kàn mí láti gbálẹ̀, ìwọ lo máa gbá a. O ò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní kíláàsì títí màá fi tú ẹ sílẹ̀."

"Ìgbà wo lo máa tú mi sílẹ̀?"

"Ìgbà tí inú mi bá rọ̀."

Inú mi ò rọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń gbé báàgì mi tẹ̀ lé mi. Bí tíṣà bá bi í ní ìbéèrè, á kọ́kọ́ wo ojú mi. Fadékẹ́ ń fún mi ní bisikíìtì tí n kò tọrọ. Mò ń jẹ ẹ̀san náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tú orí ẹja, n kò sì fẹ́ kó tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Dámiláre ò wá sílé ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ kẹta ni Fadékẹ́, tí ilé wọn kò jìnnà sí ti Dámiláre, sọ fún mi.

"Ìyá ẹ̀ ní kó gbààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ méje, láìjẹ láìmu, kí ohùn ẹ̀ lè padà. Àwọn màmá kan láti ilé àdúrà ló ń ṣọ́ ọ. Bàbá ẹ̀ ò sí nílé, ó lọ sìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Sabina, ó dákú láàárọ̀ yìí. Jọ̀ọ́, tú u sílẹ̀."

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn rèé: kó gbà á bẹ́ẹ̀, ta ló ní kó kọrin? Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi jókòó ti agbọ̀n ẹja tí kò dín rárá.

"Àwọn oníbàárà mi láti Ṣómólú dá ẹja padà," ó ní. "Wọ́n ní àwọn ò jẹ ẹja ìyá àjẹ́. Sabina, kí lo fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe?"

Ibẹ̀ ni ojú mi ti wálẹ̀. Mo fi fóònù rẹ̀ pe àǹtí mi, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, mo júwe ilé Dámiláre, mo sì sáré gba Ṣómólú lọ.

Òkè ilé ìtẹ̀wé bàbá Dámiláre ni wọ́n ń gbé. Dámiláre nà sórí ẹní, ètè rẹ̀ ti bó. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún un lómi. Irọ́ ni mo pa fún un. Mi ò gba ohùn kankan."

"Ó ti jẹ́wọ́!" ni ìyá rẹ̀ ké. "Àjẹ́ ti jẹ́wọ́ o!"

Àwọn màmá náà yí mi ká. Ọ̀kan da òróró sí mi lórí. "Níbo lo gbé ohùn ọmọ náà sí?"

"Ó ń bàlágà ni, mà!"

Wọ́n tún gbóhùn àdúrà sókè sí i. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi purọ́, gbogbo ayé gbà mí gbọ́. Ọjọ́ tí mo sọ òótọ́, kò sí olùgbọ́. Mo ń sunkún lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí àǹtí mi wọlé pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn rẹ̀. Ó la àárín wọn kọjá. Ó di ọwọ́ Dámiláre mú, ó wo ojú rẹ̀.

"Màmá, tí ọmọ yìí ò bá mu omi báyìí, ohùn nìkan kọ́ lẹ máa máa wá. Ẹ pe bàbá ẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ohùn tiwọn náà ò já rí."

Wọ́n pè é. Gbogbo wa la gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù. "Ohùn tèmi? Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń dún bí ewúrẹ́! Ẹ̀ ń febi pa ọmọ mi nítorí ìyẹn? Ẹ fún un lóúnjẹ kíá!"

Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Àǹtí mi ń fi ṣíbí fún Dámiláre lómi. Nígbà tó yá, Dámiláre wò mí.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kó tó di pé mo wá bẹ̀ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó kọjú sí ògiri. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Ara Dámiláre yá. Ìyá rẹ̀ wá bẹ ìyá mi, ìyá mi sì mú mi lọ bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n Dámiláre kì í kí mi mọ́, àwọn oníbàárà kan ò sì padà wá. Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ara tó ń yí padà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Dámiláre fi tèmi kọrin, mo fi tirẹ̀ dẹ́rù bà á, àwa méjèèjì la sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ òótọ́ tí mo fi pa mọ́ nítorí pé ẹ̀san ń dùn mọ́ mi, díẹ̀ ló sì kù kó pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá mọ òótọ́ tó lè gba ẹlòmíì là, kó sọ ọ́, ì báà jẹ́ ọ̀tá rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ pọnmi nídìí ẹ̀rọ omi ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ JSS 1 kan rí mi, ó fi korobá rẹ̀ sílẹ̀, ó sá. Mo pọn ọ́n kún fún un. Mo gbé e sílẹ̀, mo sì rìn jìnnà kó lè ráyè wá gbé e.