Fóònù Bá Wa Kó, Àdírẹ́sì Ò Bá Wa Kó

Ọjọ́ tí aránṣọ kan àti ọkọ rẹ̀ kó dé ilé tuntun, fóònù orí tábìlì tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tò. Wọ́n ki wáyà bọ inú àpótí kékeré rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà àtijọ́ náà ni.

"Ìyá Ìbejì, ṣó o rí i? Bí ìgbà téèyàn gbé rédíò láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn ni," ọkọ rẹ̀ sọ fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aránṣọ wà nídìí máṣíìnì, ló bá gbọ́ gbì ní pálọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ṣubú. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ó sáré fi fóònù orí tábìlì náà pe nọ́ńbà pàjáwìrì. "Ẹ gbà mí o! Ọkọ mi ti ṣubú!"

"Ẹ fara balẹ̀, mà," obìnrin tó gbé ìpè náà dáhùn. "Mo ti rí àdírẹ́sì yín, ọkọ̀ ti ń gbéra. Ẹ jẹ́ kí n kà á sétí yín ká lè..."

Aránṣọ ò gbọ́ ìyókù. Ó ti ju fóònù sílẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ ti ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, wọ́n ń bọ̀. Ẹ má sùn o. Ẹ wojú mi."

Ó tẹ́tí títí, kò gbọ́ fèrè ọkọ̀ kankan. Fóònù ló dún. Kò fẹ́ jáwọ́ lára ọkọ rẹ̀, àmọ́ ó nawọ́ gán an.

"Mà, nọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ pàjáwìrì ni. Wọ́n ní ẹ ti kó kúrò níbí! Níbo lẹ wà?"

Ilé àtijọ́ ni wọ́n lọ! Orí aránṣọ fò lọ. "Ẹgbẹ́ ilé epo! Ilé aláwọ̀ ewé, géètì dúdú! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa bọ̀!"

Wọ́n bá a láàyè. Ní ilé ìwòsàn, nígbà tí dókítà ní ewu ti kúrò lórí rẹ̀, aránṣọ yíjú sí nọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ náà.

"Báwo lẹ ṣe dé ilé wa àtijọ́?"

"Àdírẹ́sì tẹ́ ẹ fún iléeṣẹ́ fóònù nígbà tẹ́ ẹ rà á ló yọ sí wa, mà. Àpótí yẹn ń gbé ohùn yín gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ibikíbi, àmọ́ kò lè sọ pé ẹ ti kó. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Bí iná bá sì lọ, fóònù yẹn lè dákẹ́."

Aránṣọ pe iléeṣẹ́ fóònù lójú ẹsẹ̀, ó fún wọn ní àdírẹ́sì tuntun. Lónìí, Bàbá Ìbejì ń fi ọ̀pá rìn, ó sì ti ń dá ara rẹ̀ wẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo irú fóònù yìí, bẹ́ ẹ bá kó, ẹ tètè fi àdírẹ́sì tuntun tó iléeṣẹ́ yín létí. Bí pàjáwìrì bá dé, ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ má sì gbé fóònù sílẹ̀ títí wọ́n á fi ní kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fóònù alágbèéká kan máa ní iná nínú nígbà gbogbo. Ẹni tó ń sáré bọ̀ wá gba ẹ̀mí là gbọ́dọ̀ mọ ilé tó ń bọ̀.